Ìràwọ̀ Tó Ń Fíláàṣì àti Bàbá Mi Tí Mo Ń Wá

Bàámi,

Ẹ kú ilé o, níbikíbi tí ilé yín bá wà lónìí. Mi ò kọ lẹ́tà tí mi ò mọ ojúlé tó ń lọ rí, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn yìí pé kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ yín bá ṣì ń gbé yín, ẹ ó yà sídìí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Kétu, ẹ ó fi awò yín sójú, ẹ ó sì kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn láìrà á. Mo kúnlẹ̀ kí yín, sà. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní Ìkòsí. Mo kí Mummy Ṣèyí tó gbà yín sílé nígbà tí omi lé yín jáde. Mo kí gbogbo ọlọ́kọ̀ Àgbóyì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí lórí ìdúró, tí bàbá àgbàlagbà kan tó ga, tó ní àpá ní ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fọwọ́ kàn án, kí ẹ sọ fún un pé òun ni ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí.

Bàámi, ẹ ti ń fíláàṣì mi, mi ò sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí mi ò bá là á kalẹ̀ dáadáa, ẹ lè má gbà mí gbọ́. Inú kò bí mi sí yín. Mi ò kọ ìpè yín. Ẹ ti rò pé mo ń wo fóònù bó ṣe ń dún ni, tí mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Fóònù mi kò dún rárá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè yé ẹni tí kò mọ̀ wá rí náà. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú òtútù yìí, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ẹ jẹun tán, ẹ ó gbé fóònù tọ́ọ̀ṣì yín, ẹ ó tẹ nọ́ńbà mi láti orí. Ẹ kì í tọ́jú nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sínú fóònù. Ẹ máa ń sọ pé nọ́ńbà tí èèyàn bá tọ́jú síbẹ̀, fóònù ló ni ín. Yóò dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó gé e, èmi náà á sì pè yín padà. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Àwọn tí a jọ wà ní ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí bàbá mi kì í dúró kí n gbé e, mo ní bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ nílé wa nìyẹn. Ó yé wọn díẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún yín. Ẹ ti rò pé òru ni mo máa ń jí wo ìràwọ̀, àánú mi sì ń ṣe yín nítorí òtútù. Mo ní rárá o, ọ̀sán gangan la tún máa ń ṣe é, nítorí a kì í fi ojú wò wọ́n, ńṣe la ń tẹ́tí sí wọn. Etí tí a fi ń gbọ́ wọn ni àwo irin ràgàjì kan tó dà bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọ̀run láàárín pápá tí àgùntàn ti ń jẹko. Mo ní bí ìràwọ̀ ńlá bá jó tán, àárín rẹ̀ á wó lu ara rẹ̀, á fún pọ̀ títí yóò fi ku bọ́ọ̀lù kan tí kò fẹ̀ ju láti Mile 12 dé Ìdúmọ̀tà lọ, síbẹ̀ tó wúwo ju oòrùn. Bọ́ọ̀lù yẹn á wá máa pòòyì. Ìtànṣán rédíò á máa jáde lára rẹ̀ bí tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n so mọ́ imú ọkọ̀ tó ń yí lójú kan. Bó bá kọjú sí wa, a ó gbọ́ ọ. Bó bá yí kúrò, kẹ́kẹ́ pa. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láìyẹ̀ fún ọdún tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Pọ́lísà ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wá bi mí pé ṣé ìràwọ̀ náà ń fíláàṣì wa ni. Mo ní a lè pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ṣé kò ní káàdì ni. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú bọ́ọ̀sì fi wò mí. Ẹ tún bi mí pé ta ló wá ń pè é padà. Mo ní kò sẹ́ni tó lè pè é padà, ó ti jìnnà jù, kí ohùn wa tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo wa ti kú tipẹ́. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe mí kanlẹ̀. Ẹ ní ó mà ṣe o, kéèyàn máa fíláàṣì látọjọ́ aláyé ti dáyé, kí ẹnikẹ́ni má pè é padà. Láti ọjọ́ náà, kí ẹ tó béèrè bóyá mo ti jẹun, ìràwọ̀ yẹn lẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Mo tún sọ fún yín pé pọ́lísà ní ọmọ ìyá kan tí inú máa ń tètè bí. Mágínẹ́tà lorúkọ tiẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ṣe bí àwọn méjèèjì, láti inú ikú ìràwọ̀ ńlá, bákan náà ni wọ́n sì ṣe kéré tí wọ́n wúwo. Àmọ́ òòfà tó wà nínú mágínẹ́tà kọjá àfẹnusọ. Pọ́lísà ń gbé ayé lórí pípòòyì rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń rẹ̀ ẹ́. Mágínẹ́tà, òòfà ara rẹ̀ ló ń ná. Òòfà náà máa ń fún un mọ́ra títí èèpo ara rẹ̀ á fi sán, yóò wá bú gbàmù, yóò da iná tí ojú kì í rí sí ojú ọ̀run, irú iná tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù. Púpọ̀ nínú wọn kì í fíláàṣì rédíò rárá. Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ìdílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nígbà tó yá ni wọ́n wá rí pọ́lísà jẹ́jẹ́ tó ń ṣe tiẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, tí inú bí lójijì, tó bú bíi mágínẹ́tà. Wọ́n tún rí mágínẹ́tà tó bínú tán, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fíláàṣì bíi pọ́lísà. Gbogbo ohun tí wọ́n ti tò kalẹ̀ wá dàrú. Ṣé ẹ̀yà méjì ni, àbí ẹ̀yà kan náà ni, ní ìgbà tí inú rẹ̀ tutù àti ìgbà tí inú rẹ̀ gbóná? Ìbéèrè yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ fi ẹ̀yin nìkan sílẹ̀ ní Àgbóyì lẹ́yìn tí ìyá mi kú, tí mo wá síbí. Ní ọjọ́ mìíràn, bí mo bá rántí bẹ́ẹ̀, ojú máa ń tì mí.

Ìràwọ̀ kan ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Pọ́lísà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n òòfà rẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti mágínẹ́tà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ fíláàṣì rẹ̀, kí n sọ ìgbà tí òmíràn yóò dé, kí n sì wò ó bóyá ó dé lásìkò. Ní ọdún tó kọjá ló bú. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sókè ọ̀run rí iná náà. A yí àwo wa sí i, a tẹ́tí, kò sí fíláàṣì mọ́. Mo pè yín lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Mo ní ìràwọ̀ mi bínú, ó sì ti dákẹ́, mi ò mọ̀ bóyá yóò tún sọ̀rọ̀ mọ́ láyé mi. Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ ní ẹni tó ti ń fíláàṣì látọjọ́ yìí, ó ti mọ́ ọn lára, bí inú rẹ̀ bá rọ̀ tán, yóò tún ṣe é. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí ohun tí ẹ sọ.

Oṣù tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í le lọ́dún yìí ni tiwa ṣẹlẹ̀. Mo kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n fẹ́ tú omi sílẹ̀ lókè odò, pé kí àwọn tó ń gbé etí Odò Ògùn tètè kó kúrò. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ẹ fíláàṣì, mo pè yín padà, mi ò tilẹ̀ kí yín tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹ fi ilé Àgbóyì sílẹ̀, kí ẹ lọ gba yàrá ní Alápẹ̀rẹ̀. Mo ní ilé yẹn kì í ṣe ilé mọ́, inú omi ló wà. Bàámi, ẹ bú. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu yín rí. Ẹ ò pariwo mọ́ mi lọ́jọ́ tí mo sọ àjẹ̀ yín nù sódò. Ẹ ò pariwo lọ́jọ́ tí ìyá mi kú. Ẹ ní ṣé èmi ni mo fẹ́ fi omi han ẹ̀yin. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú, tí ẹ wọ ìsàlẹ̀ odò lọ wa yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ilé àwọn tó ń gbé inú géètì ní Magodo, pé nínú yanrìn yẹn kan náà lẹ ti bu tiyín, díẹ̀díẹ̀, títí ilé tí wọ́n bí mi sí fi dúró. Ẹ ní ọmọ tó ń bá ìràwọ̀ ṣeré kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀. Ẹ ní kí n má pe fóònù yín mọ́. Ẹ gé e.

Mo dúró sójú kan nínú kíṣìnì pẹ̀lú fóònù létí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn mí tó, mo mọ̀ pé ẹ̀tọ́ yín ni. Mi ò bínú sí yín. Mo rò pé bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, ẹ ó fíláàṣì.

Ẹ ò fíláàṣì. Mo pè yín, obìnrin inú fóònù ní wọ́n ti pa nọ́ńbà náà. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà ló sọ. Mo gbà pé nítorí mi lẹ ṣe pa á. Mo pe Bàbá Kékeré. Wọ́n ní omi ti gba gbogbo ọ̀nà Àgbóyì, àwọn gbọ́ pé àwọn aládùúgbò kó yín lọ sọ́dọ̀ Mummy Ṣèyí ní Alápẹ̀rẹ̀, pé ara yín le, pé kí n fún bàbá mi láyè kí inú wọn rọ̀, ṣé mo mọ̀ pé wọ́n ní agídí. Wọ́n ní wọn ò mọ nọ́ńbà tí Mummy Ṣèyí ń lò báyìí, obìnrin náà ti yí láìnì padà. Mo fún yín láyè bí wọ́n ṣe wí. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, Bàámi. Mo jókòó, mo ń fún yín láyè.

Ìdákẹ́jẹ́ méjì ló wá yí mi ká. Ìràwọ̀ kò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà kò sọ̀rọ̀. Òjò ibí kì í rọ̀ bí ti Èkó tí á rọ̀, tí á sì dá. Ńṣe ló máa ń sẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tí òtútù á wọ inú ìbọ̀sẹ̀ èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń kí ni pé ẹ kú òtútù. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Owó tí wọ́n ń fún mi láti fi kàwé máa tán bí ọdún yìí bá parí, ọ̀gá mi, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, sì pè mí, ó ní kí n fi ìràwọ̀ yẹn sílẹ̀. Ó ní a kò lè fi ìdákẹ́jẹ́ gba oyè, kí n mú òmíràn tó ń sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ìgbà díẹ̀ sí i. Mi ò lè sọ fún un pé bàbá mi ti sọ pé yóò padà.

Ó ti padà, Bàámi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ó ti padà tipẹ́, àwa la ń dà á nù.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ariwo pọ̀ nínú ohun tí àwo wa máa ń gbọ́. Fóònù ọmọ aráyé ń pariwo, ọkọ̀ òfurufú ń pariwo, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná lọ́fíìsì náà ń pariwo. Nítorí náà, kí ohun tí a gbọ́ tó dé ọwọ́ èmi tí mò ń kà á, ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣà á, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. A ti fi bí fíláàṣì ìràwọ̀ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀ hàn án. Ó máa ń ga lẹ́ẹ̀kan, ó rọra ń wálẹ̀, kò sì lágbára. Ohunkóhun tí kò bá jọ bẹ́ẹ̀, ètò náà á pè é ní ariwo ọmọ aráyé, á dà á nù, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó ti bínú kì í padà wá pẹ̀lú ojú tó ní tẹ́lẹ̀. Fíláàṣì rẹ̀ tuntun ga lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lágbára gan-an. Gbogbo bó ṣe ń fíláàṣì wa, ètò náà ń ṣà á jáde bí òkúta, àwa náà ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ ṣì dákẹ́.

Ọ̀gá mi ló sọ pé kí n tó fi í sílẹ̀, kí n wo ohun tí a dà nù wò. Ó wà níbẹ̀. Ó ń pòòyì bó ṣe ń pòòyì tẹ́lẹ̀, àlàfo tó wà láàárín fíláàṣì kan sí èkejì ló fi í hàn, èyíinì ò yí padà àfi díẹ̀ báyìí. Ojú lásán ló yí padà. Ọ̀gá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pàtẹ́wọ́. Èmi, fóònù ni mo gbé. Mo ti gbàgbé pé ẹ ò fẹ́ kí n pè yín. Mo fẹ́ sọ fún yín pé òótọ́ lẹ sọ. Obìnrin inú fóònù ní wọ́n ti pa á.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ṣèyí, ọmọ Mummy Ṣèyí, wá mi rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó fi ohùn ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́, mo gbọ́ ọ tán. Mummy Ṣèyí ní ṣé èmi Àjọkẹ́ rèé. Wọ́n ní haba, ọmọ mi, kí ni Bàbá ẹ ṣe tó báyìí. Wọ́n ní omi ló gba fóònù lọ́wọ́ yín lóru tí ẹ sá jáde, ẹ ò pa fóònù kankan. Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ní Alápẹ̀rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ máa ń tọrọ fóònù. Ẹ ó gba tàwọn, ẹ ó tẹ nọ́ńbà láti orí, ẹ ó fíláàṣì, ẹ ó wá gbé fóònù sórí orúnkún yín, ẹ ó máa wò ó. Wọ́n ní àwọn sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kó dún dáadáa, Daddy, ó lè má tètè gbọ́, ẹ ní rárá, bó bá dún ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ọmọ òun kò ní mọ̀ pé òun ni. Bí mi ò bá pè, ẹ ó lọ tọrọ ti káfíńtà ìsàlẹ̀, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ dára jù. Wọ́n ní lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹ dá fóònù padà, ẹ dúpẹ́, ẹ ní ọmọ náà jàre, ẹ̀yin lẹ pariwo mọ́ ọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti kó ẹrù yín. Ẹ ní ẹ ń lọ wo ẹnì kan. Àjẹ̀ yín wà léjìká. Wọn ò tíì rí yín láti ìgbà náà, ara wọn ò sì balẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Ṣèyí wá mi rí dandan.

Bàámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fóònù mi ṣe. Àwọn oníjìbìtì pọ̀ níbí. Wọn á pè ọ́, wọn á ní báǹkì ni àwọn, wọn á ní ìjọba ń wá ọ. Nígbà tí wọ́n yọ mí lẹ́nu jù, ẹnì kan níbi iṣẹ́ bá mi gba fóònù, ó tẹ nǹkan kan, ó ní láti òní lọ, nọ́ńbà tí kò bá sí nínú fóònù yìí kò ní dún mọ́, kò sì ní fi àmì kankan sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń fi ẹ̀kọ́ ńlá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí ohun tó jìnnà jù láyé, inú mi dùn pé àlàáfíà dé. Nọ́ńbà Mummy Ṣèyí tuntun kò sí níbẹ̀. Ti káfíńtà kò sí níbẹ̀. Ẹ padà wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ojú mìíràn, fóònù mi sì pè yín ní ariwo ọmọ aráyé, ó dà yín nù. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì lápá ọ̀dọ̀ yín. Lápá ọ̀dọ̀ tèmi, mo jókòó síwájú rẹ̀, mò ń dúró dè yín.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa fara dà á, àfi bí ẹ bá gbọ́. Mò ń ronú bí ẹ ṣe gbé fóònù ẹlẹ́ni sórí orúnkún, tí ẹ ń wò ó. Bàbá Kékeré gbé ọkọ̀ lọ sí Àgbóyì lẹ́yìn tí mo pè wọ́n. Wọ́n ní omi dé fèrèsé ilé wa, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ọkọ̀ kékeré tiyín náà kò sí níbi tí wọ́n so ó mọ́. Wọ́n sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn bíi pé ìròyìn ayọ̀ ni. Èmi náà ń gbà á bẹ́ẹ̀ lójúmọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Bàámi, mo wí i bó ṣe wà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ fẹ́ padà sínú ilé yẹn nítorí pé ẹ rò pé kò sílé mìíràn tó kù fún yín láyé, títí kan ọ̀dọ̀ èmi.

Ǹ bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́dọ̀ ìjọba ibí, wọ́n fẹ́ fún mi ní ìwé àṣẹ ìgbélùú tuntun, wọn kò tíì dá a padà. Mo lọ síbẹ̀, mo sunkún níwájú wọn, ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì fún mi ní bébà ìnujú, ó ní kí n padà sílé lọ máa retí. Nítorí náà, ìwé ìròyìn yìí ni ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ Àgbóyì, ẹ̀yin awayanrìn, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà omi lọ sí Májídùn àti Ìkòròdú, bí ẹ bá rí bàbá tó ń dá wa ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ búlúù, ẹ má bi í pé kí ló ń wá. Ẹ sáà ya fóònù fún un.

Mo ti tú ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú fóònù mi ká. Gbogbo ìpè ló ń dún báyìí, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Oníjìbìtì kan ti pè mí títí ó fi mọ̀ pé mò ń wá bàbá mi. Ní àná, kí ó tó parọ́ ti ọjọ́ náà, ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti rí yín. Mo ní rárá. Ó gé e.

Wọ́n ti ń bi mí níbi iṣẹ́ pé kí ni ìdáhùn mi wá jẹ́, pé ìràwọ̀ yìí, ṣé pọ́lísà ni mo fẹ́ pè é àbí mágínẹ́tà. Màá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, màá fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ẹnì kan náà ni. Èyí tó bú àti èyí tó ń fíláàṣì, ẹnì kan náà ni, kò sì sígbà kan tó dáwọ́ pípòòyì dúró. Inú mi dùn sí i, ó sì dùn mí, nítorí ẹ ti bi mí nígbà kan pé ta ló ń pè é padà, ìdáhùn mi kò sì tíì yí padà. Kò sẹ́nì kankan.

Ẹ̀yin ní ẹni tí yóò pè yín padà. Nọ́ńbà mi kò yí, orí yín ló wà. Ẹ tọrọ fóònù ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ti àlejò, ìbáà jẹ́ ti ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn tí ẹ dúró tì yìí. Ẹ jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gé e bí ẹ ṣe máa ń gé e. Kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, yóò ti máa dún.

Odò kò ní gbé yín lọ. Òtútù omi kò ní wọ inú egungun yín. Ibi tí ẹ bá sùn sí lálẹ́ òní, ẹ ó jí níbẹ̀ ní àlàáfíà, ẹni tí ẹ bá sì kọ́kọ́ pàdé ní òwúrọ̀ yóò jẹ́ aláàánú. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré, ẹ bá mi kí Mummy Ṣèyí àti káfíńtà tí mi ò mọ̀ rí, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá ń fún yín lónjẹ jẹ. Mo wà nídìí fóònù.

Èmi ni ọmọ yín tí kò bínú,
Àjọkẹ́